Ìràwọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Gbà Lọ́wọ́ Mi

Kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti Ìbàdàn wá kí wa ní Fort Washington, ní Amẹ́ríkà, èmi nìkan ni mo ni ìràwọ̀ Arcturus nínú ilé wa. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ nípa rẹ̀ fúnra mi, láàárín iṣẹ́ nọ́ọ̀sì oníwákàtí méjìlá. Lóṣù kẹrin, bí oòrùn bá ti wọ̀, ẹ wá ìràwọ̀ méje tó tò bí ìgbakọ, kí ẹ tẹ̀ lé ọwọ́ ìgbakọ náà bó ṣe tẹ̀ wá sí ìhà ìlà-oòrùn. Èyí tó mọ́lẹ̀ jù níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ èèpo ọsàn tó pọ́n, òun ni. Ó fẹ̀ tó oòrùn wa lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi ń rìn kó tó kàn wá lójú.

Mo ń fi í pamọ́ de ọmọbìnrin mi. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo ní kó pé mẹ́wàá ná, kí àlàyé lè yé e dáadáa.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà lọ́dọ̀ wa, mo ti ibi iṣẹ́ dé, ó sáré pàdé mi.

“Dádì, ẹ wá wo ìràwọ̀ èmi àti Bàbá Ìbàdàn!”

Arcturus ni. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ló ń nàka sí i lẹ́yìn ilé.

“Ọmọdé ìràwọ̀ nìyẹn,” ló ń wí. “O ò rí bó ṣe pọ́n? Ara rẹ̀ ṣì ń gbóná.”

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìràwọ̀ tó pọ́n kò gbóná tó èyí tó funfun. Arcturus dàgbà ju oòrùn lọ. Ohun tó ń jó láàárín rẹ̀ ti tán, ìyẹn ló mú un wú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ lójú ọmọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú mọ́tò, bí mo ṣe ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé bó bá ti gbọ́ òótọ́, èmi ni yóò máa bá jáde. Mi ò rántí kìlọ̀ fún un pé kó pa ẹnu mọ́.

Lálẹ́, níṣojú mi, ó ké sí i: “Bàbá Ìbàdàn, Dádì ní irọ́ lẹ pa! Ó ní ìràwọ̀ yẹn ti darúgbó, ó wú, ara rẹ̀ ò gbóná mọ́!”

Mo ti ń wá ibi tí màá dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó wo òkè, ó fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Arúgbó oníkùn tí òtútù ń mú? Àṣé ẹgbẹ́ mi ni!”

Ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìmọ̀ ọdún méjì, mo ti fi ṣe ọ̀rẹ́ wọn lọ́ṣọ̀ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Ẹgbẹ́ Bàbá ni ọmọ mi ń pe ìràwọ̀ náà. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo tún un ṣe fún un pé Arcturus ni.

“Mo mọ̀, Dádì,” ló wí, ó sì sáré jáde lọ bá ẹ̀gbọ́n mi.