Ẹni Tó Yẹ Kó Bẹ Màmá Doyin

Títí dòní, bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Màmá Doyin ní àdúgbò Grand Concourse ní New York, ọ̀rọ̀ bàlúù ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Doyin ọmọ rẹ̀ nìkan ni kì í tètè rẹ́rìn-ín, torí òun wà níbẹ̀.

Ìkìrun ni tìyá-tọmọ ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàlúù wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí New York, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, Doyin ti ń rí òrùlé ilé lábẹ́ wọn. Lójijì, bàlúù dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá rẹ̀ kan sì dojú kọ ilẹ̀. Ife fò, ọmọdé figbe ta. Doyin gbà pé ayé ti parí nìyẹn. Màmá fa orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń ké pe Jésù. Awakọ̀ gbé bàlúù padà sókè, ó yípo, ó tún wá balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Awakọ̀ ṣàlàyé pé bàlúù ńlá kan tó ṣáájú wọn ló fi ìjì sílẹ̀ lẹ́yìn, ìjì náà ló gbá wọn. Àṣé ó ti dá ìjà sílẹ̀. Màmá dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Sorry, ma'am," ni awakọ̀ wí.

"Not you! Ìwọ o ṣeun, ọmọ mi. The one in front, where is he? Ó gbá èèyàn, kò lè sọ pé pẹ̀lẹ́?"

"Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹni yẹn ò mọ̀ pé òun gbá wa."

"Kí wọ́n lọ sọ fún un!"

Ó jókòó lé orí ẹrù, ó kọ̀ kò lọ, títí òṣìṣẹ́ kan tí ebi ń pa fi wá bẹ̀ ẹ́ lórúkọ onítọ̀hún. Màmá ní òun ti gbọ́, àmọ́ kó má dán an wò mọ́.

Bí Màmá ṣe rí nìyẹn. Ọkùnrin kan tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ rí nínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì bọ́ sílẹ̀ láìwẹ̀yìn. Màmá bọ́ tẹ̀lé e níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí yóò fi padà dé ilé ní Mount Hope, ọkùnrin náà ló ń bá a ru iṣu tó rà.

Ṣùgbọ́n Doyin mọ ohun táwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò mọ̀. Ìgbà tí ẹ̀rù bá ba ìyá rẹ̀ ló máa ń jà jù. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ò wọ bàlúù mọ́. Màmá ní orúnkún ń dun òun, Doyin ní iṣẹ́ pọ̀.

Lọ́dún yìí ni Màmá papò dà. Ìkìrun ló ní kí wọ́n sin òun sí. Lọ́jọ́ ìrìnàjò, wọ́n ti gbé pósí sínú bàlúù, Doyin sì dúró lẹ́nu géètì, òógùn bò ó, kò lè wọ bàlúù. Kànmí àbúrò rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Sister mi, ẹ máa lọ sílé. A máa sin wọ́n dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

Doyin mi orí.

"Kànmí, Màámi náà ń bẹ̀rù bàlúù. Mi ò lè jẹ́ kí wọ́n lọ láìsí mi."

Ó sì wọ bàlúù.