Omi Àìfọhùn Màámi

Ìyá mi ló ní òun fẹ́ tún omi náà rí kí ojú òun tó kú. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn ní pálọ̀ wa ní Bódìjà, bí ẹni tó ń rán mi ní tòmátì. Bàbá wọn ló mú wọn débẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, omi ńlá tó ń já láti orí àpáta nínú igbó. Ní báyìí, àìsàn ojú ti sọ ayé di tóóró mọ́ wọn lójú. Wọ́n ní bí ẹni ń yọjú wòta láti ihò kọ́kọ́rọ́ ni.

A bá ọkọ̀ àwọn tó máa ń kó èèyàn lọ wo igbó lọ. A gba Òjóò jáde kí oòrùn tó mú. Màámi ò dákẹ́ rárá. Wọ́n bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ata, wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ká ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé, à bá ti ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Onírèké.

Nígbà tí ọ̀nà ọkọ̀ parí, a fi ẹsẹ̀ wọ igbó. Ibẹ̀ tutù, ó ṣú díẹ̀, bíi yàrá tí wọ́n ta kọ́tìnnì sí. Labalábá ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, mi ò sì mọ̀ mọ́ bóyá àwa là ń rìn ni àbí igbó ló ń rìn kọjá lára wa. Màámi di apá mi mú.

"Ẹ rọra o, mọ́mì," ni amọ̀nà wa ń wí.

Kí a tó rí omi, ó ti ń ta sí wa lójú.

Ibẹ̀ ni Màámi ti bọ́ bàtà. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, omi àìfọhùn ni wọ́n sì fẹ́ pọn: ẹni tó bá pọn ọ́n kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbé e délé. Kí n tó lanu, wọ́n ti ki kẹ́ẹ̀gì bọ omi.

"Màámi, ṣé ẹ rí i?"

Wọn ò dáhùn. Wọ́n gbójú sókè, omi ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, mi ò mọ̀ bóyá ti àpáta ni tàbí tiwọn. Mo tẹjú mọ́ wọn, mò ń wá ìdáhùn níbẹ̀. Inú bí mi. Ẹni tí kì í dákẹ́, òní ló wá rí dákẹ́!

Nígbà tí à ń padà bọ̀, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan bí ọmọ tó ń sùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé a ti pẹ́ jù fún ojú wọn.

Nílé, wọ́n bu omi náà, wọ́n fi bọ́jú, wọ́n gbàdúrà. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ìró rẹ̀ ò yí padà," wọ́n ní. "Àmọ́ funfun kan báyìí ni mo rí. Ó yá, sọ fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

Mo lanu, mo wá a títí. Ìpéǹpéjú wọn tó tutù ni mo rántí, àti ètè wọn tí wọ́n pa mọ́ra.

"Mi ò wò ó, Màámi. Ẹ̀yin ni mò ń wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi kàn.

"Á jẹ́ pé àwa méjèèjì ni a ò rí i nìyẹn."