Ilé Ọmọ Mi Tí Wọ́n Sin Sẹ́yìn Ilé Ìdáná

Mo ti fi ẹ̀rúkọ́ gbá àgbàlagbà lẹ́nu rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìyá tó bí mi lọ́jọ́ orí. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí wọ́n la ikùn mi ni, ojú abẹ kò tíì jinná. Àwọn ará àdúgbò wa ní Ṣàngó ń sọ pé orí mi ló dàrú lọ́jọ́ yẹn. Orí mi kò dàrú rárá. N ó sọ bó ṣe jẹ́, ẹni tó bá wá fẹ́ bú mi, kó bú mi.

Ẹ̀jẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń ṣe nǹkan oṣù tí kì í dá. Tíṣà ni mí, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé. Mo máa ń fi àkísà kún páàdì kí n tó jáde nílé, síbẹ̀, lọ́jọ́ kan tí mo dìde níwájú kíláàsì, ẹ̀jẹ̀ ṣàn dé inú bàtà mi. Ọmọ kan figbe ta pé wọ́n ti yìnbọn fún tíṣà. Ìju ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbírọ́ìdì. Dókítà ní ó ti pọ̀ ju ohun tí àwọn lè máa ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ, pé ilé ọmọ náà lódindi ni àwọn máa yọ. Ó tún ní ọ̀kan wà nínú wọn tí ìrísí rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Tí àwọn bá ti yọ ọ́ tán, láàbù ló máa sọ bóyá jẹjẹrẹ ni.

Ọmọ mẹ́rin ni mo ti bí, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni fún ìkarùn-ún. Ọkọ mi ló kọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní òun gbọ́ pé obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀ ti di ọkùnrin nìyẹn. Mo ní, "Kò burú. Tí mo bá di ọkùnrin, àwa méjèèjì á lè jọ wọ̀yá ìjà dáadáa." Ó rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Mo ju ọmọrí ìkòkò lù ú. Ó fi apá gbà á, ọmọrí náà sì fọ́ gíláàsì fèrèsé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá mi lọ sí ọsibítù, ó fọwọ́ sí ìwé. Mi ò fi ìwà náà yangàn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára mi kò jẹ́ kí n ní sùúrù kankan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Òkè-Òyì láti wá dúró tì mí. Àgbẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí igi. Òun ló wẹ ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún mi nígbà tí mo bí wọn, òun náà ló sì sin ibi wọn sẹ́yìn ilé ìdáná wa, lẹ́bàá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, ìdajì ara mi sì kú. Ojú mi là. Mi ò mọ ìrora, àmọ́ mo ń mọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà mí síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu nínú ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Dókítà kan tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti ìdí tábìlì kó lè rí agbára fà á. Mo ń ké "Lá ìláà" títí ohùn mi fi há.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, nọ́ọ̀sì gbé ohun tí wọ́n yọ fún ọkọ mi nínú ike ọ̀dà kékeré, tòun ti omi oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà. Ó ní kó gbé e lọ sí láàbù tó wà ní òdìkejì títì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, ẹbí aláìsàn ló ń gbé e. Kò tíì gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n tún fi ní kó sáré lọ wá ẹ̀jẹ̀ sí i fún mi. Ó gbé ike náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé láàbù ni, kó gbé e dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi padà dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àwọn ará láàbù ti gbà á.

Ikọ́ ló burú jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo máa ń di ìrọ̀rí mọ́ ikùn kí n tó wúkọ́, síbẹ̀ ó ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n fi àdá ṣá mi níbẹ̀. Wọn ò fún mi lóúnjẹ, nọ́ọ̀sì á sì máa wá bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé mo ti só. Lọ́jọ́ kẹta tí mo só, gbogbo wọ́ọ̀dù kí mi kú oríire, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì pàtẹ́wọ́. Òun ló ń da ìtọ̀ mi nù, òun ló ń nu ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, ó jókòó tì mí nínú kẹ̀kẹ́, gbogbo kòtò tí kẹ̀kẹ́ bá sì ti bọ́ sí, á bú awakọ̀ náà tìyátìyá. Ó bú u dé Ṣàngó.

Lọ́jọ́ kẹwàá, èmi àti ọkọ mi padà lọ rí dókítà. Ó ní èsì láàbù dà? Ọkọ mi sọdá títì lọ béèrè. Ó sáré padà wọlé. Wọn ò gba ike kankan. Wọ́n ṣí ìwé wọn fún un, orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó sì ṣe é kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó bi í pé ike náà dà.

"Mo ti sin ín," ló ní. "Ẹ̀yìn ilé ìdáná, níbi tí ibi àwọn ọmọ wà. Ṣé ìwọ ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀yà ara èèyàn ṣe láyé ìsìnyí ni? Wàláì, mi ò lè gbé ara ìyàwó wa fún ọmọkùnrin láàbù tí mi ò mọ ilé bàbá ẹ̀, kó lọ tà á fún àwọn olóògùn owó. Omi tí wọ́n rọ sí i ń rùn, mo dà á nù. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ṣàdúrà sí i."

Dókítà fọwọ́ bojú. Ó ní láìsí omi oògùn yẹn, ó ti bàjẹ́ tipẹ́. Mi ò gbọ́ èyí tó kù.

Nígbà tí a délé, mi ò dúró kí ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́. Ọkọ́ wà lára ògiri ilé ìdáná. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ gbé kẹ́tù omi pàápàá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo gbé ọkọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Nígbà kẹta tí mo gbé e sókè, nǹkan já níkùn mi, ohun gbígbóná kan sì ń ṣàn lábẹ́ ìró mi. Mo ń gbẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sáré jáde, ògì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. "Ìyàwó! Ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni? Fi sílẹ̀!" Ó gbá ọkọ́ mú. Mo fà á, òun náà fà á, ó sì lágbára jù mí lọ. Mo jù ú sílẹ̀ fún un lójijì, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo já a gbà padà, mo fi ẹ̀rúkọ́ gbá a lẹ́nu.

Kì í ṣe èèṣì. Mo wo ẹnu náà kí n tó gbá a. Mo tún gbá a lọ́rùn nígbà tó ń ṣubú lọ, ó sì dùn mọ́ mi nínú, mi ò ní purọ́. Eyín rẹ̀ kan bọ́ sínú yẹ̀pẹ̀. Ọkọ mi dì mí mú láti ẹ̀yìn, mo gé e jẹ lápá. Àwọn aládùúgbò ti gun orí fẹ́ǹsì, wọ́n ń pariwo.

Obìnrin tó lè gbé mi là mọ́lẹ̀ bí ẹrù igi yìí kò fọwọ́ kàn mí. Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó kúnlẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì wa ilẹ̀ náà. Ìborùn funfun tó fi ń kírun ló fi wé e. Bó ṣe tú u, òórùn lé àwọn tó wà lórí fẹ́ǹsì wálẹ̀. Èmi náà wò ó. Ilé tí ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gbé oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, ìdin ló kún ibẹ̀. Mo bì títí mo fi dákú.

Wọ́n tún ikùn mi rán lọ́jọ́ náà. Àwọn ará láàbù yẹ ohun tó kù wò, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè rí kà níbẹ̀. Dókítà ní ká máa ṣọ́ ara mi: oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí n wá ṣe àyẹ̀wò. Ó lè má jẹ́ nǹkan kan. Ó sì lè ti máa ta gbòǹgbò.

Ẹbí ọkọ mi pe ìpàdé. Àfáà àdúgbò wá wàásù fún mi pé sùúrù ni baba ìwà, mo ní kó lọ wàásù fún ìju. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ àgbà. Mo ní ojú abẹ ò jẹ́ kí n lè kúnlẹ̀. Irọ́ ni, mo lè kúnlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìkà ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn, ǹ bá kórìíra rẹ̀, kó parí síbẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, ibẹ̀ gan-an ló ti ń bí mi nínú jù.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, àmọ́ gbogbo ìgbà ló máa ń gun ọ̀kadà wá láti Òkè-Òyì láti bá mi lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń retí kí wọ́n pè wá. Kò wo ojú mi.

"Ìyàwó," ló ní, "tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, èmi ni mo pa ọ́."

Mo mọ ohun tí ọmọlúàbí máa sọ. Á ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ẹ̀yin ni."

Ó mi orí, ó gbà. Nọ́ọ̀sì pe orúkọ mi. Àǹtí ló kọ́kọ́ dìde, ó na ọwọ́ sí mi, mo di ọwọ́ náà mú, a sì jọ wọlé.