Ìwé Kọ̀ǹpútà Tí Mo Kọ́ Sórí

Òórùn kósáì, àkàrà tí ìyá Hausa kan ń dín lẹ́nu ọ̀nà wa ní Sabon Gari, ní Kano, ló máa ń jí mi láàárọ̀ Sátidé. Kí n tó bọ́jú, mo ti fa ìwé kọ̀ǹpútà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí. Nǹkan bí ọdún 1984 ni, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Bàbá mi ló ń tọ́jú sítọ̀ nílé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Bompai. Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà, ó bẹ ọ̀gá tó wà nídìí rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀, títí ìyẹn fi yá a ní ìwé tó ṣàlàyé Bésíìkì, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ ṣèlérí pé bí mo bá mọ̀ ọ́n, màá máa wá lo kọ̀ǹpútà lásìkò họlidé. Bàbá ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ó fi ìwé ìròyìn bo ẹ̀yìn ìwé náà, kò sì jẹ́ ká gbé e sún mọ́ ọbẹ̀.

Bí mo ṣe ń kéwú ni mo ṣe kọ́ Bésíìkì. Áfáà wa kì í bi wá ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá kà á láìṣàṣìṣe ló mọ̀ ọ́n. Mo ń mi ara síwá sẹ́yìn, mo ń ka àṣẹ inú ìwé náà títí mo fi lè kà á parí láìwò ó. Gbogbo ibi tó ti ní kí n dán nǹkan wò, mo fò ó. "Abéèrè kì í ṣìnà," ni Bàbá máa ń wí, àmọ́ mi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ti gbọ́n jù. Bàbá sì ti sọ fún gbogbo ará mọ́ṣáláṣí pé ọmọ òun ti gbọ́ èdè ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ tí a lọ sílé-iṣẹ́ náà, Bàbá wọ babanríga Iléyá rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ fi mí jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ní, "Oya, kọ program tó máa gba orúkọ èèyàn, kó kí i lẹ́ẹ̀márùn-ún. Simple." Mo mọ ojú ewé tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan wà. Bí mo ṣe máa so wọ́n pọ̀ ni mi ò mọ̀.

"Uncle, that page no dey," ni mo wí. "E don tear."

Kò tilẹ̀ ṣí ìwé náà wò. Ó kọjú sí Bàbá níṣojú àwọn akọ̀wé: "Haba, Alhaji! Ìwé kọ́mpìnì lẹ fàya? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú sítọ̀?"

Bàbá mi, tó lè bí Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ lọ́mọ, wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì tẹrí ba. "Ẹ má bínú, sà. Àwọn ọmọ ilé ni."

Nígbà tí a dé Niger Street lọ́nà ilé, mo ní, "Baba, ka yi hakuri." Hausa ló rọ̀ mí lẹ́nu láti fi bẹ̀bẹ̀.

"Kò sí ewé tó ya níbẹ̀," ni ó dáhùn. "Mo ṣí i wò lọ́kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Ṣé ebi ò pa ọ́?"

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe lónìí. Bí mo bá ka ìlà mẹ́ta nínú ìwé àlàyé, ọwọ́ mi ti wà lórí ẹ̀rọ, mo ń dán an wò. Bí kò bá yé mi, mo ń bi àwọn ọmọdé tí mo jù lọ́jọ́ orí, ojú kì í tì mí. Ṣùgbọ́n Bàbá lo ogún ọdún sí i láyé, Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ náà sì wà ní Kano. Kò sí ọjọ́ kan tí mo lọ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀ pé irọ́ ni mo pa. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ẹ̀rù bà yẹn, mo ti dárí jì í. Èmi àgbàlagbà tó pa irọ́ náà mọ́ títí a fi sin Bàbá ni mi ò tíì lè dárí jì.