Àwọn Tó Wá Yẹ Òṣì Wò

Nígbà tí káńsù kọ́ ilé fún àwọn aláìní sí ẹ̀yìn ìlú wa, Ìlá, lọ́nà Ọ̀rà, pátákó tí wọ́n rì síwájú àwọn ilé náà ga jù wọ́n lọ. Àwòrán alága wà lára rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ńtì. Síbẹ̀, ilé dúró, páànù rẹ̀ ń dán. Àbúrò ìyá mi, opó tí òjò ti wó ìdajì ilé rẹ̀, fẹ́ ọ̀kan nínú wọn ju bí mo ṣe fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ àwa olùkọ́ yunifásítì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Ó ti kọ̀ láti wá bá mi gbé ní Ìbàdàn. Ó ní ará ibẹ̀ kì í kíni.

Káńsù ní àwọn òṣìṣẹ́ àwọn á wá dé ilé ẹni, kí wọ́n fojú rí i pé aláìní ni lóòótọ́. Mo pe àbúrò ìyá mi yìí, tí mo ń pè ní Màmá, lórí fóònù, mo fi gbogbo ìwé tí mo kà ṣàlàyé fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé, kí wọ́n bá a bó ṣe wà.

Nígbà tí mo dé Ìlá, mo rò pé mo ṣìlé wọ̀ ni. Àga onítìmùtìmù wà ní pálọ̀, rọ́ọ̀gì pupa wà nílẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá sì jókòó sórí àpótí nínú ilé tí kò ní iná. Màmá wọ léèsì.

"Màmá, ta ló ni gbogbo èyí?"

"Ará àdúgbò ni. Káfíńtà gbé àga wá, ìyàwó tíṣà mú rọ́ọ̀gì wá, Àlájì iwájú ilé ló ni tẹlifíṣọ̀n."

"Ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ìṣẹ́ ni wọ́n ń bọ̀ wá wò."

"Kí àlejò wá bá mi nínú ìṣẹ́? Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì nìyẹn?"

Àwọn òṣìṣẹ́ dé, ọkùnrin kan tó so táì àti obìnrin kan tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Obìnrin náà wo yíká.

"Màmá, a gbọ́ pé ẹ ò rílé gbé."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ọmọ mi. Ẹ ṣanwọ́, iyán ti délẹ̀."

"Ta ló ni tẹlifíṣọ̀n yìí?"

"Ó ń bẹ níbẹ̀ yẹn."

Màmá kì í purọ́. Kò kàn fẹ́ kí ojú ti ilé rẹ̀ ni. Mo rí i pé ilé tuntun ń bọ́ lọ́wọ́ wa, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé àṣà àlejò ṣíṣe láwùjọ wa, títí ẹran inú ọbẹ̀ wọn fi tán.

Obìnrin náà ní, "Ẹ̀yin ni ọmọ wọn? Ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò tó wà níta yẹn?"

Mo rọra ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ àpò.

Oṣù òjò ni. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ ló wọlé tọ̀ wá láti òkè. Káfíńtà ló kọ́kọ́ sáré dé.

"Ẹ má bínú, ọ̀gá, ẹ dìde díẹ̀. Tìmùtìmù yìí kì í tètè gbẹ."

Ọkùnrin onítáì dìde, ó di àwo iyán mú. Ìyàwó tíṣà tẹ̀ lé e: "Ẹ gbẹ́sẹ̀, ọ̀gá mi." Ó ká rọ́ọ̀gì kúrò lábẹ́ bàtà rẹ̀. Àlájì kí gbogbo ilé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fi ọ̀rá bo tẹlifíṣọ̀n, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Ká tó ṣẹ́jú, ó ku ẹní kan, àpótí kan, àti omi tó ń kán sórí táì.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri. Ó tètè kúrò níbẹ̀, nítorí ògiri bá a lọ díẹ̀.

Màmá doríkodò. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó yẹ kí n tọ́jú yín ju báyìí lọ."

Obìnrin náà ní, "Màmá, ẹ ti tọ́jú wa. Ẹ máa palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Ẹ ti gba ilé."

Ọkùnrin onítáì béèrè bóyá iyán ṣì kù.

Màmá gbójú sókè. "Ilé yẹn, ṣé ó ní pálọ̀?"

"Yàrá kan péré ni, Màmá."

"Ó tó. Èmi á máa sùn ní kọ̀rọ̀, àlejò á máa jókòó síwájú."

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ará àdúgbò tó ń sá fún òjò gbọ́ ọ. Ariwo ayọ̀ wọn bo ti òjò mọ́lẹ̀.