Bàbá Wolé-wolé àti Ẹ̀rọ Tó Ń Pa Olùfẹ̀yìntì

Wọ́n ní ẹ̀rọ kan wà tó ń pa olùfẹ̀yìntì láì dá ọgbẹ́ sí i lára. Wọ́n ní tí ìjọba bá pè yín fún àyẹ̀wò, pé kí ẹ wá fojú hàn kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹ ṣì ń bẹ láyé, ẹ̀rọ náà ni wọ́n á kọ́kọ́ wé mọ́ yín lápá. Bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti ru kọjá ààlà, akọ̀wé á fa bírò pupa yọ, á kọ "ó ti kú" síwájú orúkọ yín, owó ìfẹ̀yìntì yín á sì bá yín wọ sàréè. Wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí bàbá kan ní Ìgbẹ́tì: aago mẹ́wàá ni wọ́n kọ ọ́ ní òkú, aago mọ́kànlá ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ jẹun.

Mojeed tó ń bá àwọn ará àdúgbò gba iná sí fóònù ní Òtu ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojúlé Bàbá Wolé-wolé. Kò sì sí ọ̀rọ̀ tí Mojeed ń gbé kiri tí kì í fi iyọ̀ díẹ̀ kún.

Kẹ́hìndé Ládòkun lorúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe wolé-wolé. Bó bá ti ń yọ lókèèrè, àwọn ìyàwó ilé á ti máa sáré da omi àmù nù. Á ṣí ìdérí, á tẹjú mọ́ omi, á ní, "Tanwíjí rè é! Mo rí i, ó ń jó!" Ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ yẹ àmù ẹlòmíràn wò wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yẹ òun náà wò, ló bá jókòó ti Mojeed.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n pè é sí?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Bàbá. Nínú gbọ̀ngàn ńlá. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o, torí bí àyà bá ṣe ń já ni ẹ̀jẹ̀ ń ru."

Ìmọ̀ràn Mojeed nìyẹn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ní kí ẹni tó ń rì sódò má mu omi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Àpò dúdú tó ń gbé kiri nígbà iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, àpò ìwé mẹ́rin ló sì wà nínú rẹ̀. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá ti wọlé lóṣooṣù, á pín in: ti oúnjẹ, ti àwọn tó ń bá a kọ ebè iṣu, ti páànù ilé tó ti ń jò, àti ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ jí nínú èkejì. Nígbà tí oògùn wá gbówó lórí, tí àpò ìwé kẹrin kò ká a mọ́, Bàbá kò fọwọ́ kan mẹ́ta tó kù. Bíléèdì ló mú. Ó la hóró oògùn kọ̀ọ̀kan sí méjì gẹ́lẹ́, ó ń lo ààbọ̀ lójúmọ́, ni oògùn oṣù kan bá di ti oṣù méjì. Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti ń ṣe é. Bí òòyì bá kọ́ ọ, á ní oòrùn ni. Ó tilẹ̀ ń yin ara rẹ̀ pé òun mọ owó ná.

Ìdí nìyẹn tí jìnnìjìnnì fi bò ó. Ó mọ̀ pé tanwíjí wà nínú àmù tòun.

Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù. Bàbá ní kí òun fi ọjọ́ mẹ́jọ tún ohun tí oṣù mẹ́jọ bàjẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, á mú ọ̀nà Ìsẹ́yìn pọ̀n, á máa ju apá bíi ṣójà, àwọn ajá á sì máa sìn ín. Ó ní kí Àdìjátù ìyàwó òun má fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ mọ́, kó má fi mágì sí i. Ó ń jẹ aáyù tútù láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.

"Bàbá Rùkáyàt," Àdìjátù ní, ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ dání lójú ilẹ̀kùn, "tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ lé mi padà sílé bàbá mi ni, ẹ kúkú là á mọ́lẹ̀. Ẹ má fi aáyù lé mi."

"Mo fẹ́ pẹ́ láyé ni."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ó pẹ́ níbẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó lè súnmọ́ yín."

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Bí owó yẹn bá dúró, kí ni wọn ó jẹ? Ọmọ mẹ́rin ni Rùkáyàt fúnra rẹ̀ ń bọ́ ní Ṣakí. Àpò ìwé mẹ́rin ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìsun omi kan ṣoṣo ló ń ṣàn sínú gbogbo wọn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ìbejì ni. Táíwò èkejì rẹ̀ wà ní Ìjìó, àgbẹ̀ paraku, ẹni tí kò gbé hóró oògùn kan mì rí. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò ṣáájú pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ó ti rán an lẹ́ẹ̀kan. Ta ló ní kò lè rán an lẹ́ẹ̀kejì?

"Táíwò," ó sọ lórí fóònù, "iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ rán ọ."

"Ẹ̀gbọ́n àgbà! Èyí tí o rán mi lọ́dún mọ́kàndínláàádọ́rin sẹ́yìn, mi ò tíì jábọ̀ rẹ̀ tán."

"Apá lásán ni wàá nà. Bí ẹ̀rọ bá ti yẹ̀ ọ́ wò tán, wàá jáde, èmi á wọlé lọ tẹ ìka."

"Ṣé kò ní ta mí?"

"Á kàn fún ọ lápá díẹ̀ ni."

"Iyán ńkọ́?"

"Iyán wà."

"Mò ń bọ̀."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, fìlà kan náà, búbá kan náà ni wọ́n wọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kan, ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì jókòó tì í. Gbogbo ohun tí Mojeed sọ pé pérépéré. Bàbá Wolé-wolé sá sẹ́yìn igi dóńgóyárò tó wà nítòsí tábìlì náà, ó gbé àpò dúdú há abíyá. Táíwò mú ìwé ìfẹ̀yìntì dání, ó lọ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Gbémisọ́lá.

Gbémisọ́lá wé e lápá. Ẹ̀rọ kùn, ó fún, ó tú. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ó tún un wé. Ó ní kó na apá kejì. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ bí ẹni rí ejò nínú agbada.

Lẹ́yìn igi, òógùn bo Kẹ́hìndé. Wọ́n ti mọ̀ pé èmi kọ́, ó ń rò ó. Nọ́ọ̀sì sì fa bírò yọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dìde. Ṣé ẹ̀fọ́rí máa ń ṣe yín?"

"Ẹ̀fọ́rí? Ó tó ọdún méjì. Oòrùn oko ni."

"Ojú yín ńkọ́?"

"Ó ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Oòrùn náà ni."

"Igba ó lé mẹ́wàá lórí ọgọ́fà," Gbémisọ́lá rọra sọ fún ẹnì kejì rẹ̀. "Èyí kì í ṣe oòrùn. Ẹ bá mi wá ọkọ̀ tó máa gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn, kíákíá."

Kẹ́hìndé gbọ́ ọ. Oòrùn! Irọ́ tí òun ń pa fún ara òun náà ni àbúrò òun ń pa. Kò mọ ìgbà tó bẹ́ jáde.

"Àbúrò mi ni! Èmi ni Kẹ́hìndé, èmi ni mo rán an! Ẹ má kọ ọ́ ní òkú!"

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn tó tò síta. Ìyá kan tó ti da omi àmù nù nítorí rẹ̀ nígbà kan pariwo, "Wolé-wolé, ọwọ́ tẹ̀ yín lónìí! Tanwíjí méjì nínú àmù kan!"

Gbémisọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó fi òun náà jókòó, ó wé e lápá. Ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn?"

"Mò ń lò ó."

"Odindi?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ààbọ̀."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gé e?"

"Owó ni."

"Odindi ni láti òní lọ, Bàbá. Bí owó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, ẹ ní kó wá bá mi."

Ọkọ̀ dé. Nínú gbọ̀ngàn, akọ̀wé ń pariwo pé aago mẹ́rin ni àwọn ń palẹ̀ mọ́. Aago kan ti kọjá, èèyàn sì pọ̀ níwájú. Bàbá wo ẹnu ọ̀nà, ó wo ojú Táíwò. Ó wọ ọkọ̀.

Nílé ìwòsàn, ó ṣí àpò dúdú, ó sì fa àpò ìwé páànù yọ. Bí òrùlé bá jò, èèyàn á gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀. Ta ló rí bàsíà tí wọ́n ń gbé sábẹ́ ẹ̀jẹ̀? Ó ra ti Táíwò, ó ra tirẹ̀, odindi. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo àyà èkejì rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè sódò, kò sì rántí pé aago ń lọ títí tí dókítà fi wọn ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kẹta, tó ní ó ti ń wálẹ̀.

Táíwò lajú. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá ọ tọ́ ọ wò. Kò dùn."

"Má bínú."

"Iyán mi dà?"

"Láìsí iyọ̀ lọ́bẹ̀ o."

"Ha! Kúrò lójú mi. Lọ tẹ ìka, gba ìwé rẹ, kí wọ́n má lọ kọ ìwọ ní òkú."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí ọ̀kadà já a sílẹ̀. Akọ̀wé ti ń di ìwé. Ó gba ìwé ìfẹ̀yìntì, ó wo fọ́tò, ó wo ojú, ó ní kó tẹ ìka.

"Ó parí, Bàbá."

Bàbá kò lọ. "Ẹ̀jẹ̀ mi ga o. Ẹ ò ní kọ ọ́ ni?"

"Tábìlì ìta yẹn kì í ṣe tiwa, Bàbá," akọ̀wé ní. "Ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ̀yìntì yín ló fi owó ẹgbẹ́ háyà àwọn nọ́ọ̀sì, kò síbi tí a ń kọ ẹ̀jẹ̀ sí nínú ìwé yìí."