Ta Ló Ju Idà Sódò?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí Aránwèé gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ lójú iṣẹ́, kó sáà bi í pé ta ló ni idà tí ọmọbìnrin darandaran fà yọ nínú omi. Ìwé tó ti já, tí ewé rẹ̀ ń bọ́ bí eyín arúgbó, ni wọ́n ń gbé tọ̀ ọ́ wá. Òun ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò fi òwú tí wọ́n fi ìda pa rán an, tí yóò lẹ ẹ̀yìn tuntun mọ́ ọn, tí yóò sì fi ẹ̀rọ ìgéwèé gé etí rẹ̀ dọ́gba. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ̀rọ àti gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn. Tábìlì gígùn kan wà níwájú, ibẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ Odò Onírin máa ń jókòó sí ní gbogbo ọ̀sán Sátidé láti jiyàn.

Ìtàn àròsọ ńlá ni Odò Onírin, ojú ìwé rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀ta. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú, wọn ò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ láti ogún ọdún. Ọba kan wà nínú rẹ̀ tí idà rẹ̀ ń jẹ́ Ẹlẹ́kún, torí pé bí wọ́n bá fà á yọ nínú àkọ̀, ńṣe ló máa ń dún bí ẹni ń sunkún. Ọba náà kú. Ní apá ìparí ìwé, ọmọbìnrin darandaran kan rí idà tí kò lórúkọ nísàlẹ̀ odò, ó sì fi í gba ìlú là. Ṣé Ẹlẹ́kún ni, àbí idà mìíràn? Òǹkọ̀wé ò sọ. Ewé kan ṣoṣo ló tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i: ọkùnrin kan dúró létí odò nínú òjò, ó ju idà sómi, ó sì lọ. Wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Nínú ìwé Aránwèé, ẹ̀yìn ikú ọba gan-an ni ewé yẹn wà. Nítorí náà, ó ní ìránṣẹ́ ọba ló lọ fi idà olúwa rẹ̀ pamọ́ sínú odò kó má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹlẹ́kún ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sọ ọ́, tó sì ń dùn ún lẹ́nu bíi pé òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ìwé tirẹ̀ náà ni gbogbo wọn kà, torí wọn ò rí òmíràn rà. Olùkọ́, tó ń kọ́ni ní ìṣirò, lè dìde lórí ìjókòó kó máa bá a jà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ń ṣú, á ní, "Ó dáa, Aránwèé, o tún ti mú mi." Nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wọn náà á rẹ́rìn-ín, á sì bu tíì sí ife Aránwèé kó tó bu sí ti ẹlòmíràn. Ife tíì yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré lójú rẹ̀.

Télọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ ló kọjú sí tirẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti téèpù lọ́rùn, á ní, "Idà tí kò gé koríko rí lẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ pariwo yìí o!"

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí tí ọwọ́ ẹ̀rọ ìgéwèé fi kán. Wọ́n ránṣẹ́ pe Jórinjórin tó wà ní òpin títì, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó máa ń gbé awò iná sí iwájú orí bí ẹni dé adé. Sátidé ló bọ́ sí. Ó jó irin náà tán, ó nuwọ́, ṣùgbọ́n dípò kó máa lọ, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ àríyànjiyàn.

"Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Idà yẹn ò lè jẹ́ Ẹlẹ́kún láé."

Aránwèé rẹ́rìn-ín bí àgbà tí ọmọdé tẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Àbúrò, ṣé o ti ka ìwé náà ni?"

"Ìgbà mẹ́rin ni bàbá mi kà á fún mi kí n tó mọ̀wé kà. Ẹ wò ó, wọ́n ní irin méjì ni wọ́n lọ́ pọ̀ rọ Ẹlẹ́kún. Irú irin báyẹn, bó bá pẹ́ nínú omi, ìpẹtà á kọ́kọ́ jẹ èyí tó rọ̀ jù, ìlà ara ẹ̀ á wá yọ síta bí ìlà ara pákó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ara idà tọ́mọ yẹn rí ń dán bí ìkarahun. Irin kan ṣoṣo nìyẹn. Idà Balógun ni."

"Balógun tó dalẹ̀ ọba?" Nọ́ọ̀sì bi í.

"Òun náà. Nínú ìwé bàbá mi, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n lé e kúrò nílùú ni ewé yẹn wà. Òun ló ju idà ẹ̀ sódò. Ojú ló tì í."

Olùkọ́ fọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tó mọ irin! Ọdún mọ́kànlá la ti wà níbí, kò sẹ́ni tó rántí bi irin léèrè rí."

Nọ́ọ̀sì sún àga. Ó sún un kí ọmọbìnrin náà lè ráyè jókòó, Aránwèé sì rí i. Nígbà tí wọ́n bu tíì, ife àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ bù. Ó rí ìyẹn náà.

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Láti ọjọ́ yẹn, bí Jórinjórin bá ń bọ̀ lókèèrè, Aránwèé á ti mọ ìró bàtà rẹ̀. Bó bá sọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, á máa wá ibi tí ẹ̀rín náà ti lè jẹ́ ẹ̀tàn, kì í sì í rí i. Èyí tó wá burú jù ni pé ọmọbìnrin náà kò rí i fín. "Ẹ̀gbọ́n" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ì bá jẹ́ aláfojúdi, ì bá rọrùn.

Lẹ́tà dé. Ilé ìtẹ̀wé kan fẹ́ tún Odò Onírin tẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa ẹgbẹ́ Sátidé, wọ́n sì ní kí ẹnì kan nínú wọn kọ ojú ìwé kan nípa ọ̀rọ̀ idà náà, wọn óò tẹ̀ ẹ́ síwájú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Aránwèé ka lẹ́tà náà sókè. Ìwé àwọn ẹlòmíràn ló ti ń rán láti kékeré, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀kankan rí. Ó wò yí tábìlì ká, ó ń retí kí wọ́n ní, "Ta ni ìbá tún ṣe é bí kò ṣe ìwọ?"

Olùkọ́ wúkọ́. "Kí á ṣe é bó ṣe yẹ. Àbúrò, gbé ìwé bàbá rẹ wá. Ibi tí ewé yẹn bá wà, ibẹ̀ lẹjọ́ parí sí. Ẹni tó bá jàre ni kó kọ ọ́."

"Ó ti já o. Bí mo bá ṣí i báyìí, ńṣe lá tú dà sílẹ̀."

"Aránwèé ńkọ́?" Nọ́ọ̀sì ní. "Kó bá ọ rán an. Tó bá di Sátidé, a ó jọ ṣí i."

Ọjọ́ Ajé ló gbé e wá, ó fi aṣọ funfun dì í bí ọmọ tuntun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi rọra ṣe é. Èyí àti òòlù méjì ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, Aránwèé tú u. Nọ́ńbà wà nísàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ikú ọba parí ní ojú ìwé igba ó dín méjìlá. Ewé idà wà lókè irínwó, lẹ́yìn tí wọ́n lé Balógun. Ó lọ gbé ìwé tirẹ̀ wá. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀, ó sì wá rántí ìdí tí kò fi sí: òun ni ìwé àkọ́kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ kó dá ṣe nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó ki ọ̀bẹ wọnú jù, gbogbo nọ́ńbà sì bá ìgékù ìwé lọ. Ó rántí pé lẹ́yìn tó rán an tán, ewé kan ṣẹ́ kù sórí tábìlì. Ìpínrọ̀ tuntun ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibi tí gbólóhùn parí sí ló dúró. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ idà ni, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ikú ọba, torí pé ibẹ̀ ló dùn jù.

Kì í ṣe òǹkọ̀wé ló fi idà Ẹlẹ́kún sínú odò, gọ́ọ̀mù òun ni.

Ìyàwó rẹ̀ yọjú. "Kí ló dé tí ojú yín korò báyìí? Àbí idà ọ̀hún ti gé yín?"

"Má dà mí láàmú."

"Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ni. Látìgbà tó ti dé, orúkọ ẹ̀ lẹ fi ń jẹun. Bí mi ò bá mọ̀ yín ni, èmi gan-an ni ǹ bá máa jowú." Ó rẹ́rìn-ín, ó padà lọ.

Bó bá jẹ́ Olùkọ́ ló já a ní koro, bóyá ìbá gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé lánàá! Ó mọ irin, ó mọ ìwé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó tún jàre. Kí ló wá kù fún òun? Ó rán ìwé náà dáadáa, kò tíì rán irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó mú ewé idà, ó sì lẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ikú ọba. Ó gbé ìwé sábẹ́ ẹ̀rọ, ó wọn ọ̀bẹ wọnú, ó sì fa ọwọ́ tí Jórinjórin fúnra rẹ̀ bá a jó. Ọwọ́ náà kò tilẹ̀ dún. Nọ́ńbà já bọ́ sílẹ̀ bí ìgékù èékánná.

Ní Sátidé, gbogbo wọn rọ̀gbà yí tábìlì ká. Jórinjórin ṣí ìwé náà, ó yin ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń ṣí i lọ. Ó dé ibi ikú ọba. Ó dúró. Ó ka ewé tó tẹ̀lé e, ó tún un kà. Ó wá wo ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó sì fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó ń gé irin lójoojúmọ́ mọ ojú ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ó gbójú sókè wo Aránwèé.

"Ẹ̀gbọ́n ló jàre," ó ní. Ó pa ìwé dé. "Èmi ni mo gbàgbé. Ọmọdé ni mí nígbà náà."

"Ọ̀rọ̀ irin ńkọ́?" Olùkọ́ bi í.

"Irin inú ìwé ni, Olùkọ́. Bó bá ṣe wu òǹkọ̀wé ló lè dán."

Nọ́ọ̀sì gbá a mọ́ra. "Ẹ wo ọmọ tó níwà! Kò tilẹ̀ janpata." Olùkọ́ náà ní òun ò rí ẹni tó gba ẹ̀bi tó dùn ún wò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ti lẹ́tà ilé ìtẹ̀wé sí ọ̀dọ̀ Aránwèé láìwò ó lójú, wọ́n sì kọjú sí ọmọbìnrin náà, wọ́n ń yìn ín bíi pé òun ni wọ́n fi jọba.

Aránwèé mú lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ohun tó ń wá ti dé, kò sì tutù sí i lọ́kàn. Ọmọbìnrin yìí mọ̀. Ó lè dójú ti òun, ó sì bo òun láṣìírí. Ìyẹn náà ló tún fẹ́ fi ju òun lọ?

"Irọ́ ló ń pa!" ó pariwo. "Kò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni mo lẹ ewé yẹn síbi tí kì í ṣe ibi ẹ̀. Nínú tèmi, àṣìṣe ni. Nínú tiẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni."

Kì í ṣe pé ó ronú pìwà dà. Kò kàn lè fara dà á kó jẹ́ abẹ́ àánú ọmọ yẹn ni òun yóò máa gbé ni.

Olùkọ́ kọjú sí Aránwèé. "Ó túmọ̀ sí pé gọ́ọ̀mù la ti ń bá jiyàn láti ọdún mọ́kànlá?"

Jórinjórin ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Mo ti fẹ́ gbé e mì, ẹ̀gbọ́n. Ti ewé yẹn, ẹ lè yọ ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹ gé dànù, òun ni bàbá mi fi kọ́ mi ní ònkà. Ẹ máa kọ ọ́ padà. Gbogbo ẹ̀."

"Màá kọ ọ́."

"Èmi náà màá kọ tèmi," ó ní, ó sì gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Aránwèé jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, ó mú bíírò aláwọ̀ dúdú, ó ń kọ nọ́ńbà sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ní iwájú, Jórinjórin ń ka ohun tó ti kọ, àwọn yòókù ń dá sí i: yọ èyí, fi tọ̀hún kún un. Ó kọ ọ́ pé idà tó gba ìlú là lè jẹ́ ti ọ̀dàlẹ̀, pé irin kì í bá olówó rẹ̀ pín nínú ẹ̀ṣẹ̀. Ó dára. Aránwèé mọ̀ pé ó dára, ó sì dùn ún dé eegun pé òun kọ́ ló kọ́kọ́ rò ó. Ó rí i pé òun ti kọ nọ́ńbà kan lẹ́ẹ̀mejì, ó fi abẹ rọra fá ọ̀kan kúrò.

Wọ́n rẹ́rìn-ín níwájú. Ohùn Nọ́ọ̀sì dún: "Aránwèé, ṣé o ò ní wá gbọ́ ni?"

"Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi!" ó dáhùn.

Ṣùgbọ́n ó ti gbé bíírò sílẹ̀. Ó na etí, ó ń retí bóyá wọn óò pe òun lẹ́ẹ̀kejì.